Èmi Ni Mo Já Ewé Ogbó

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Bí ẹnìkan bá wà lórí ìdúró, ẹ wá àga fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti gbé inú mi pẹ́ débi pé a jọ ń jẹun, a jọ ń sùn, ìgbà tó wá kù díẹ̀ kó gba ilé lọ́wọ́ onílé ni mo pinnu pé kó jáde. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà bí mo ti ń kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ mọ̀. Ibi tí mo bá ti ṣi nǹkan kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi dín ọ̀rọ̀ náà kù. Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin ni mo fún pé kí ẹ kà á sókè, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá dúró níwájú yín, ẹnu mi á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọmọ mi gbé ọmọ tuntun wálé kí Màmá, ìyá ọkọ mi, lè gbé e, àti pé Màmá kọ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn, òun á máa gbọ́ èémí rẹ̀ láti orí àga òun. Ọmọ mi lọ sunkún ní kíṣìnì. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Màmá àgbà ò fẹ́ràn ọmọ mi ni?" Ẹ̀yin náà ń sọ pé àgbà ló dé sí Màmá, pé arúgbó a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kì í ṣe àgbà. Èmi ni. Èmi ni mo gba ọwọ́ Màmá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí mo ṣe gbà á.

Nítorí ọkọ ọmọ mi, tí kò mọ ilé wa nígbà tí Màmá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ni ogbó ń gùn. Ìtàkùn ni, kò lè dá dúró. Ohun tó bá ga tó sì dúró dè é ni yóò wé mọ́, yóò sì máa lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń pè lórí òrùlé. Bí a bá gé e, oje funfun á sun jáde. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ sínú omi, omi náà á dúdú, á sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni àwọn àgbà ń fi í ṣe: fún ẹni tó dìde nínú àìsàn tó ń rìn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé, fún obìnrin tó bímọ tí ojú rẹ̀ funfun. Ewé rẹ̀ là ń fọ́ fún ẹni tó wà nítòsí. Ìtàkùn rẹ̀ là ń sá, tí à ń gún, tí à ń jọ̀, fún ẹni tó jìnnà. Màmá ló ni iṣẹ́ náà, èmi ni mo ń bá a ṣe é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní Alágbára ló sì ń gún un lódó. Àwàdà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí ó bá gbé ọmọ odó sókè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ọmọ odó ló gbé e. Ilé wa ní òfin kan. Bí a bá gé ìtàkùn wá, tewétewé la máa ń fi í kọ́ sórí wáyà nínú yàrá tí a ń sá nǹkan sí. A ò gbọdọ̀ já ewé kan lára rẹ̀ kí ọwọ́ Màmá tó kàn án. Màmá á rìn gba abẹ́ wáyà, á na ọwọ́ sókè, á máa fọwọ́ pa wọ́n lọ níkọ̀ọ̀kan, á ní, "Já èyí. Já èyí. Yọ èyí dànù." Ó ní ìtàkùn tí kò léwé, kò lórúkọ.

Ohun tó fa òfin náà ni ìtàkùn kejì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, ó gun orí ogbó bí ọmọ ṣe ń gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Màmá sọ ọ́ ní Àlejò. A ń fà á tu, ó ń padà wá. Bí ewé bá wà lára wọn, ọmọdé á mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá já ewé kúrò tí igi wọn bá gbẹ, wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní wúlò. Àlejò máa ń da inú rú, ó máa ń mú kí àyà lù kìkì, ó sì máa ń fa omi ara gbẹ. Màmá nìkan ló lè fi ọwọ́ mọ̀ wọ́n lẹ́yìn tí ewé bá ti kúrò.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kí n tó wọlé ọkọ. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni rí aṣọ tí wọ́n sá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ojú mi kàn ń bá mi rìn ni," ló máa ń wí, "ọwọ́ mi ló mọ ọ̀nà." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ kan tí mo ń fọ abọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, o ti lóyún." Mo ní, "Rárá o, Màmá." Ó ní, "Ó dáa, ó jẹ́ pé wọn ò tíì sọ fún ọ ni." Oyún ọmọ mi tó ń gbọ́ èyí ni. Nígbà tí mo dé ilé yìí, ìyá tó bí mi ti kú, mi ò sì mọ nǹkan kan ju kí n máa sáré lọ. Màmá á kó ọwọ́ mi sínú ọwọ́ rẹ̀, á máa fà á gba ara ìtàkùn, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní orúkọ àwọn ẹbí. "Níbi oríkèé, ogbó máa ń wú díẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ? Àlejò kì í wú, ńṣe ló máa ń tẹ̀ wọlé, bí ikùn ẹni tí kò jẹun." Mi ò gbọ́ ọ. Mo ń parọ́ pé mo gbọ́ ọ. Ó á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọwọ́ rẹ yá ju etí rẹ lọ, ìyàwó mi. Máa jẹ́ kí etí ṣáájú." Ẹ wò ó, obìnrin tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sí. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Eyínfúnjowó bímọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni, aránṣọ. Orúkọ tí mo fún un nígbà tí mo wọlé nìyẹn, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ mi, Eyínfúnjowó, ẹ má tíì dìde. Ẹ̀jẹ̀ lọ lára yín nígbà ìbímọ, Màmá sì ní kí a tètè sá ogbó fún yín. Òjò wá ń rọ̀, kò dá. Màmá lọ bá yín lálejò pé òun á sùn síbẹ̀. Kí ó tó jáde ó ní, "Gé e, kọ́ ọ, kí o sì fi í sílẹ̀. Má já ewé o. Bí mo bá dé, màá fọwọ́ kàn án." Mo gé e nínú òjò. Mo ń fa ìtàkùn, mo ń fi aṣọ nu ojú, mo ń fà á, mi ò wò ó dáadáa. Ọ̀kan fi ara rẹ̀ ha mí lọ́wọ́, mo sì rántí pé ogbó kì í ha ènìyàn. Mo rántí rẹ̀ bí ẹni rántí pé òun kò ti fèrèsé, tó sì ní kò séwu. Mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo kọ́ wọn sórí wáyà, ewé ń ro omi, mo mọ̀ pé wọn kò ní gbẹ bọ̀rọ̀. Mo wá ń rò ó pé bí Màmá bá dé tó bá a tó ti gbẹ, tó ti ṣe é gún, á yìn mí. Ìyìn ni mo ń wá. Àní kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, kò sí ìkà, kò sí ìjà láàárín wa. Mo já gbogbo ewé náà, mo dáná sínú àdògán, mo gbé e sábẹ́ wọn, mo kó ewé lọ dà síta nínú ọ̀gbàrá. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, àwọn igi náà ti ń ró pọ́kọ́pọ́kọ́ bí mo bá ṣẹ́ wọn, inú mi sì ń dùn. Mo ní kí Alágbára máa gún un. Ó gún un díẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ìyàwó, eléyìí ń ta mí nímú." Mo ní, "Òjò ló pa á." Ó ní, "Òjò tó ń ta ènìyàn nímú, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí." Mo ní, "Ẹ máa gún un, jàre, ẹ ti fẹ́ràn àwáwí jù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.

Màmá dé, ara rẹ̀ tutù, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó wọ yàrá, ó na ọwọ́ sókè lábẹ́ wáyà, ọwọ́ rẹ̀ kò bá ewé. Ó gbọ́ ìró odó. Ó ní, "Ta ló já ewé wọn?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà yẹn, ó máa bínú díẹ̀, ó máa da gbogbo rẹ̀ nù, a máa tún òmíràn gé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn tí mo ti ń retí láti àárọ̀ ti di ìbáwí lójú mi, ẹnu mi sì ṣí kí n tó rán an níṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá. Mo ti gé wọn dé kí ẹ tó jáde, ẹ sì ti fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ní kí n máa já a lọ." Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Èmi?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ó ní, "Kí n tó jáde?" Mo ní, "Ẹ ti gbàgbé ni, ẹ sì ń ronú nípa ọmọ." Ó ronú. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ti ń wá ọjọ́ náà nínú orí ara rẹ̀ tí kò rí i. Ó wá mú ìtàkùn kan lára èyí tó kù, ó fi ìka ra oríkèé rẹ̀, ó ní, "Ogbó ni." Ọ̀kan yẹn, ogbó ni lóòótọ́. Ó ní, "Ó dáa. Àárẹ̀ ti mú mi ni." Ó lọ jókòó. Èyí tó ti wà nínú odó, kò béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin Eyínfúnjowó lẹ mu ún. Ẹ mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí yín jù mí lọ, mi ò ní tún un sọ bí ẹni ń sọ ìtàn. Inú yín tú, àyà yín ń lù tí ọkọ yín fi rò pé ẹ máa kú nínú mọ́tò rẹ̀ kó tó gbé yín dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ń béèrè pé kí lẹ mu. Ẹ yè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọmú yín gbẹ, kò padà, ọmọ yín sì fi ìgò dàgbà. Ọkọ yín wá sí pálọ̀ wa, kò jókòó. Awakọ̀ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èrò. Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yẹn? Mo fẹ́ mọ ọwọ́ tó kàn án." Èmi ni mo gbé àwo tíì dání lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i pé Alágbára wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń wò mí. Kí n tó gbé ẹsẹ̀, Màmá dìde. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo fọwọ́ kàn án tí mo ní kí wọ́n já a. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan, mo rán an ni. Ọwọ́ mi ṣì í mọ̀, ẹ forí jì mí." Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìyá arúgbó kúnlẹ̀, tíì sì wà lọ́wọ́ mi, mo ń ṣọ́ ọ kó má baà dànù. Ọkọ mi sáré gbé ìyá rẹ̀ dìde. Ó ní, "Màmá, ó tó, ẹ sinmi iṣẹ́ yìí, ẹ ti dàgbà." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń di ọwọ́ Màmá mú bí wọ́n bá ń rìn nínú ilé tí Màmá fúnra rẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn náà, mo bá Alágbára nídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Ó ń fọ ọwọ́, kò wò mí. Ó ní, "Èmi ò rí nǹkan kan. Odó ni mò ń gún." Ó gbọn omi kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ rí i, Ìyàwó. Ìyẹn ló máa yọ ọ́ lẹ́nu." Kò pẹ́ tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ẹ ń rò pé èyí ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni, mi ò bá ti sọ ọ́ tipẹ́, torí ìpayà ni, ìpayà sì lè mú ẹnikẹ́ni. Ohun tó burú jù wà níwájú. Ní ọ̀sán kan tí ilé dákẹ́, Màmá pè mí. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé kò sí ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà? Wá. Lọ gé méjì wá, ogbó kan, Àlejò kan. Já ewé wọn, fi iná mú wọn gbẹ bí ti ọjọ́sí, má sì sọ fún mi èyí tí í ṣe èwo. Mo fẹ́ dán ọwọ́ mi wò. Bí ó bá ṣì mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé àárẹ̀ ni lọ́jọ́ náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, kí n mọ̀, kí n má baà pa ọmọ ẹlòmíì." Mo lọ gé e. Bí mo ti ń mú wọn gbẹ lórí iná, mò ń gbàdúrà. Ẹ mọ àdúrà tí mò ń gbà? Pé kó ṣì í. Nítorí bí ó bá gbà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé báwo ni ọwọ́ tó mọ nǹkan ṣe wá gbàgbé pé òun kàn án, ìbéèrè náà á sì máa rìn bọ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé wọn lé e lọ́wọ́. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé rẹ̀, kò tilẹ̀ pẹ́. "Ogbó." Ó mú ìkejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àlejò, aláìlójútì." Ó gbà á. Ó gbà á bí ẹni pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó wá yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi, ó ń dúró. Ẹ̀yin ará ilé mi, mo wo ojú yẹn, mo ní, "Màmá, ẹ ti yí wọn padà." Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó kàn ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Tún wọn dà pọ̀." Mo tún wọn dà pọ̀. Ó fọwọ́ pa wọ́n pẹ́, ó sọ ọ́, ó tún gbà á, èmi sì sọ pé ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì yẹn, kí irọ́ mi lè jọ òótọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Rárá, Màmá." Ó wá kó igi méjèèjì lé ilẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ sùn. Ó na ọwọ́ wá ojú mi, ó rí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹlòmíì ì bá tàn mí. Wọn ì bá sọ pé mo gbà á kí inú mi lè dùn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó nù ún, ó nù ún, bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan ẹlẹ́gbin. Iṣẹ́ náà di tèmi láti ọjọ́ yẹn.

Ohun tí ẹ rí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń wò. Màmá kò bu tíì fún ara rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá kí i, ó á ní, "Ta nìyẹn?" ẹni tí ó ń fi dídi ọwọ́ mú nìkan mọ gbogbo yín tẹ́lẹ̀. Ó á wọ bàtà tán, á bi mí pé, "Ṣé ó bá ara wọn mu?" Bí ọmọ Eyínfúnjowó bá sáré wá, á káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní ọwọ́ òun ń purọ́ fún òun. Mo wá ń tọ́jú rẹ̀. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń di irun rẹ̀, mo ń fún un lóúnjẹ, ojoojúmọ́, láìkùn. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé irú ìyàwó báyìí ṣọ̀wọ́n. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Olè tó jí aṣọ onílé tó wá ń fi apá kan rẹ̀ bo onílé lọ́wọ́ òtútù, òun ni mí. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ni kò yé mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ń fi ìfẹ́ náà tì í mọ́lé.

Ọmọ tuntun ló bá mi fọ́ irọ́ náà. Lẹ́yìn tí ọmọ mi ti sunkún ní kíṣìnì tán, mo jókòó ti Màmá, mo ń gé èékánná rẹ̀. Ọmọ náà ń ké ní yàrá kejì. Mo rí i pé ìka Màmá ń mira lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ náà fẹ́ lọ. Òun ló ń dì í mú. Mo ní, "Màmá, ọwọ́ yín ò ṣìnà rí." Ó ní, "Gé èékánná, jàre." Mo ní, "Ẹ gbà á lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi ni mo purọ́. Ẹ ò sì ní kí n já ewé, ẹ ò fọwọ́ kàn án, èmi ni mo já a lẹ́yìn yín." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kó méjèèjì lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò kan ra ẹ̀yìn ìkejì. Ó ní, "Kí lo wá ń dúró dè látọjọ́ yìí? Ṣé kí n kú ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn dáa. O ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ nìyẹn. Ó mà ṣe, agídí mi ju tìrẹ lọ, n ò kú." Lẹ́yìn náà ni omi dé ojú rẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n nù ún, ó ní, "Má nù ún. Mo mọ ibi tí ojú mi wà." Mo kúnlẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó ní, "Kò tíì kan ìyẹn. Kì í ṣe èmi nìkan lo purọ́ fún. Gbogbo ilé ló gbà pé ọwọ́ mi ti kú. Bí mo bá gbé ọmọ yìí báyìí, ìyá rẹ̀ á dúró tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ abọ́ tó fẹ́ bọ́, ọmọ mi ọkùnrin á na ọwọ́ sábẹ́ ọwọ́ mi. N ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbé e bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ. Lọ sọ fún gbogbo wọn."

Mo ti sọ ọ́. Ọkọ mi, ẹ forí jì mí, ọpẹ́ yín kò tọ́ sí mi. Eyínfúnjowó, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn fún omi ọmú tó gbẹ. Ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ sí mi, ẹ wá sọ ọ́, màá gbọ́ ọ, màá sì jẹ́ kí etí ṣáájú ẹnu. Kí ẹnìkan bá mi wá Alágbára rí, kó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ọmọ mi, ìwọ àti ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ wọ ilé yìí: àṣìṣe kì í pa ilé. Mo ṣe àṣìṣe kan nínú òjò, ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo yín lẹ máa ti gbàgbé rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo ṣe láti bò ó ni ẹ ń wò lórí àga yẹn. Bí ẹ bá ti já ewé tí wọn ò ní kí ẹ já, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ewé.

Mo wà nínú yàrá tí a ń sá nǹkan sí, mi ò tilẹ̀kùn. Mi ò ní sá. Màmá wà ní yàrá rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ tó mọ́, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ ń kà á lọ́wọ́. Ìdáríjì tèmi lè dúró. Ẹ gbé ọmọ wọlé lọ fún un. Ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, kí gbogbo yín sì fà sẹ́yìn.